Iyán ni mò ń jẹ nílé Màámi ní Iléṣà, kílò 6 sì kúrò lára mi

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tí kò sẹ́ni tó ń bá yín gbé ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu tipẹ́. Kílò 84 ni mo wà nígbà tí ọmọ wa kejì pé oṣù 6. Sísanra gan-an kọ́ ló ń dùn mí o, ara tó gbé ọmọ méjì jáde, ó yẹ ká máa kí i kú iṣẹ́ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé orúnkún ń ro mí tí mo bá ti ń gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Leeds ní Ìlú Ọba, BP mi náà sì ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì dé ibi oògùn ṣùgbọ́n kí n má fojú kékeré wò ó, pé tí mo bá lè dín ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kù nínú wéètì mi, ó máa ń ṣèrànwọ́ fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà. Mo ṣírò ẹ̀, kílò 4 sí 8 péré! Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí gbogbo nǹkan tí mò ń rí lórí fóònù ni àwọn tó ní àwọn fi kílò 30 sílẹ̀, tí ikùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe ṣe é ní Leeds? Iṣẹ́ alẹ́ ni ọkọ mi ń ṣe. Tó bá di Dìsẹ́ńbà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, èmi àtàwọn ọmọ nìkan la máa wà nínú ilé, ọmọ á jí lóru, n ó fún un lọ́mú, ebi á wá pa mí bí ẹni tó roko bọ̀, bísíkíìtì ló sì máa ń wà nítòsí. Kìí ṣe wọ̀bìà o. Omi ọmú tí ara ń ṣe lójúmọ́ ń gba nǹkan bíi kálórì 500, báwo ni ebi ò ṣe ní pa èèyàn? Ẹni tó bá sọ fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú pé kó máa febi panú, ìkà ló ń ṣe, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Líìfù ìbímọ ní Ìlú Ọba lè tó ọ̀sẹ̀ 52, ṣùgbọ́n owó tí òfin ní kí wọ́n san fún èèyàn máa ń dúró ní ọ̀sẹ̀ 39. Èmi àti ọkọ mi jókòó, a rò ó, a wá ní kí n kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ Màámi ní Iléṣà títí líìfù á fi tán.

Àwọn ará ilé yọ̀ mọ́ mi. “Ìlú òyìnbó yẹ ẹ́ o! Ọkọ ẹ ń tọ́jú ẹ, ó hàn.” Nígbà tí mo wá ní mo fẹ́ dín ara kù díẹ̀, Màámi fajú ro. “Kí wọ́n lè ní ebi ń pa ọmọ mi ní London? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa bú ọkọ ẹ ni?” Gbogbo Ìlú Ọba pátá, London ni lójú Màámi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ BP fún wọn, ìyẹn ni wọ́n gbọ́, torí BP yẹn kan náà ló dá àbúrò wọn dùbúlẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé a kìí fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré. Mi ò fi iyán sílẹ̀, mi ò tiẹ̀ gbèrò ẹ̀. Bá a ṣe ń bù ú la yí padà: ẹ̀fọ́ ló ń kọ́kọ́ wọ abọ́, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, ó máa gba ìdajì abọ́, lẹ́yìn náà ẹja, iyán wá kẹ́yìn, ó máa tó ẹ̀ṣẹ́ mi. Ti epo ló fa àríyànjiyàn jù. Láti inú kẹ́ẹ̀gì ni Màámi ti máa ń da epo sínú ìkòkò, wọ́n sì gbà pé òróró ló ń sanni lára, pé epo pupa ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀kan náà ni wọ́n! Ṣíbí ńlá kan nínú èyíkéyìí tó kálórì 120. Mo bẹ̀ wọ́n ká máa fi ṣíbí wọn epo, wọ́n bínú díẹ̀, wọ́n wá fi irú kún ẹ̀fọ́ láti fi dípò epo, adùn ẹ̀ ò dín kù rárá. Mọ́ọ̀tì tí wọ́n ń rà fún mi kí omi ọmú lè wá dáadáa, a fi omi rọ́pò ẹ̀, omi ọmú ò gbẹ.

Àǹtí mi kan gbé tíì tó ń fa ikùn wọlé wá fún mi. Senna ló wà nínú ẹ̀, ìgbẹ́ ló ń mú èèyàn yà, omi ara lásán ló ń lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò mu ún.

Nígbà tí ọmọ fẹ́ gba abẹ́rẹ́ oṣù 9, mo ń wo nọ́ọ̀sì bó ṣe ń fi àmì sí káàdì wéètì ẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìtòsí wa níbẹ̀ ni irú káàdì yẹn ti bẹ̀rẹ̀? Dókítà David Morley tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà láwọn ọdún 1950, tó ń tọpa bí àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ṣe ń dàgbà, òun ló gbé e kalẹ̀, káàdì náà sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọn kìí wo àmì ọjọ́ kan lórí ẹ̀, ibi tí ìlà dorí kọ ni wọ́n ń wò. Mo délé, mo ya tèmi sínú ìwé, àràárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gun skéèlì. Ọ̀sẹ̀ tí ibà dá mi gúnlẹ̀, ìlà já wálẹ̀ lójijì, mi ò yọ̀. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò Màámi, ó gòkè, mi ò sunkún. Nǹkan bíi kílò kan lóṣù ló ń wálẹ̀, àwọn kan máa ní kò yá, ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Mò ń rìn náà. Iléṣà kún fún òkè, mo máa pọn ọmọ, a ó rìn lọ sí Ọjà Àtàkúnmọ́sà, a ó rìn bọ̀, mi ò gun ọ̀kadà. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ká fi ṣe eré ìmárale, mo ń kọjá ẹ̀ láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa: kìí ṣe pé mo lágbára ju bí mo ṣe wà ní Leeds lọ. Èèyàn ni mo ní. Màámi ń gba ọmọ láàárọ̀, mo ń sùn. Ìyàwó àbúrò mi ń wẹ àkọ́bí mi. Mò ń jókòó jẹun gbígbóná, mi ò jẹ àjẹkù ọmọ lórí ìdúró mọ́. Ó ń bí mi nínú tí wọ́n bá ń sọ fún àwọn ìyá pé ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọn ò ní, nígbà tó jẹ́ pé oorun àti olùrànlọ́wọ́ ni wọn ò ní.

Kílò 78 ni mo gbé padà sí Leeds, BP náà ti wálẹ̀. Láti ìgbà yẹn mo máa ń wà láàárín 78 sí 79. Àwa ìyá mélòó kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pín ara wa: ẹnì kan á dúró ti gbogbo ọmọ ní Sátidé, àwọn yòókù á lọ rìn ní páàkì. Èmi ló kàn láti dúró tì wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá wà nítòsí, ẹ kó àwọn ọmọ yín wá.