Ẹ Má Ṣe Sọ Ẹ̀rọ Elépo Kalẹ̀ Sínú Kànga

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù tó kọjá, àwọn agbẹ́kànga mẹ́ta wá sí ọgbà ilé tí mò ń gbé ní Agége láti kó ẹrẹ̀ ìdí kànga wa, nítorí pé omi rẹ̀ ti fà débi pé pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni korobá ń gbé bọ̀ wá sókè. Kànga náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 45. Bí mo ṣe jáde láti kí wọn, mo rí i pé ẹni tó kéré jù nínú wọn ti so okùn mọ́ ẹ̀rọ ìfami kan tó ń lo epo bẹntiróòlù, wọ́n sì ń múra láti sọ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó méjì tí wọ́n ti fi há àárín kànga. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá wà lórí ilẹ̀ kì í lè fa omi tó bá jìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ, bó ti wù kí agbára rẹ̀ pọ̀ tó, nítorí náà wọ́n rò pé àfi kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sún mọ́ omi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a dúró ná.

Olórí wọn, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń gbẹ́ kànga kí wọ́n tó bí mi, kò bínú. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ má fòyà. A ti sọ àtùpà kalẹ̀ láàárọ̀, kò kú. Bí iná bá ń jó nísàlẹ̀, èémí wà níbẹ̀." Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n àtùpà yẹn kò lè mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí máa tú síbẹ̀."

Iṣẹ́ ìwakùsà ni mo kọ́ ní ilé ìwé gíga ní Àkúrẹ́, mo sì ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin nínú ihò ìwakùsà wúrà kan lábẹ́ ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ghana kí n tó padà sí Èkó. Nínú gbogbo òfin ààbò tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀, èyí tó ṣíwájú ni pé a kì í wọ ibi tí a kò tíì yẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò. Ọgbọ́n àtùpà tí Bàbá ń lò kì í sì í ṣe ọgbọ́n tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí àwọn awakùsà èédú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gbára lé e. Ní 1815, Humphry Davy, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àtùpà kan tí ó fi àwọ̀n wáyà tín-ín-rín yí iná rẹ̀ ká, kí iná náà má baà ràn mọ́ methane, ìyẹn gáàsì tó máa ń jáde lára èédú, tó sì lè búgbàù bí ó bá ti tó ìdá 5 sí ìdá 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí methane bá wà, ahọ́n iná àtùpà á gùn sókè, àwọ̀ búlúù á sì yọ lórí rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá dín kù jù, iná á kú. Awakùsà tó bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì á yí padà.

Ṣùgbọ́n gáàsì kẹta wà tí iná kò mọ̀. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é, inú èéfín ẹ̀rọ elépo ló sì wà, ì báà jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn fèrèsé wa, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ìfami. Kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn. Kò fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í yára gòkè jáde kúrò nínú kòtò. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ kí ọ́síjìn jókòó sí, ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ sì lágbára ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti mú kí orí fọ́ni, kí orúnkún yẹ̀, kí ènìyàn sì sùn lọ láìjí mọ́, nígbà tí àtùpà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń jó geere. Ìdí nìyí tí John Scott Haldane, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Scotland tó yẹ òkú àwọn awakùsà wò lẹ́yìn ìbúgbàù, fi dá a lábàá pé kí wọ́n máa gbé ẹ̀dá kékeré kan wọlẹ̀. Ẹyẹ ìbákà ni wọ́n wá ń lò. Ara rẹ̀ kéré, èémí rẹ̀ sì yá, nítorí náà gáàsì náà á ti mú un kí ó tó mú ènìyàn; bí ó bá ti ṣubú kúrò lórí igi tó bà lé nínú àgò rẹ̀, gbogbo ènìyàn á jáde. Ọdún 1986 ni wọ́n kéde ní Britain pé ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹyẹ yìí.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń lo epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ihò rárá. Bí wọ́n bá sì ti fi àdó fọ́ àpáta, kò sí ẹni tó ń padà wọlé títí fáànù ńlá yóò fi fẹ́ gbogbo èéfín rẹ̀ jáde, bó ti wù kí iṣẹ́ ọjọ́ náà kánjú tó. Mo rántí ọ̀gá kan tó kọ́ mi bí a ṣe ń gbọ́ ohùn àpáta. Ó na irin gígùn kan sókè, ó fi kan òrùlé ihò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dún bí agogo. Ó sún ìṣísẹ̀ méjì síwájú, ó tún kàn án. Ohùn tó jáde ki, ó ṣófo, bí ìgbà tí a bá lu àgbá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ní kí n padà sẹ́yìn. Ó ti ẹnu irin náà bọ ojú ìlà kan tí n kò tilẹ̀ rí, òkúta tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn sì já lulẹ̀ síbi tí mo dúró sí kò tíì pé ìṣẹ́jú kan ṣáájú. Títí di òní, mi ò lè wọ abẹ́ àpáta láì kọ́kọ́ kàn án.

Òkú ló bí púpọ̀ nínú àwọn òfin wọ̀nyí. Ní oṣù kìn-ín-ní 1862, ní ibi ìwakùsà Hartley ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pá irin ńlá ara ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde kán, ó já sínú ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn awakùsà ń gbà, ó sì dí i pa. Àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 204 ló kú. Kí ọdún náà tó parí, òfin ti jáde pé ibi ìwakùsà èédú gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde méjì. Síbẹ̀, ní 2010, nígbà tí àpáta wó ní ibi ìwakùsà San José ní Chile, àwọn awakùsà 33 gbìyànjú láti gba ihò afẹ́fẹ́ gòkè, wọ́n sì rí i pé àkàbà tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò pé. Ọjọ́ 69 ni wọ́n lò lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó fà wọ́n jáde níkọ̀ọ̀kan.

Kànga ní tirẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní ọ̀nà kejì àfi okùn, okùn náà sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ kó tó wọlẹ̀, nítorí pé ẹni tí gáàsì bá ti mú kò ní lágbára láti di ohunkóhun mú. Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìròyìn ikú inú kànga ni bí ẹnì kan ṣe máa ń ṣubú, tí àbúrò rẹ̀ á wọlé láti gbé e, tí ọ̀rẹ́ wọn á tẹ̀ lé e, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì kú síbẹ̀. Àjọ NIOSH, tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1986 pé nínú 100 ènìyàn tó bá kú sínú irú ibi híhá bẹ́ẹ̀, ó lé ní 60 tó jẹ́ àwọn tó fẹ́ gba ẹlòmíràn là. Ìfẹ́ ló ń gbé wọn wọlẹ̀, n kò sì lè bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ní ibi ìwakùsà, àwọn adóòlà-ẹ̀mí kì í wọ inú gáàsì láì gbé àgbá afẹ́fẹ́ tiwọn sẹ́yìn, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá wọn.

A kì í wa kùsà lábẹ́ ilẹ̀ Èkó, òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èédú tí àwọn awakùsà Enugu ń wà ni wọ́n fi ń pèsè iná fún ìlú yìí nígbà kan láti ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó wà ní Ìjọ́rà. Orílẹ̀-èdè wa ní òfin ìwakùsà tí wọ́n ṣe ní 2007, àmọ́ òfin kì í sábà dé ibi tí àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ilẹ̀ wà. Ní oṣù kẹfà 2024, ibi ìwakùsà kan ya lulẹ̀ ní Galadima Kogo ní ìjọba ìbílẹ̀ Shiroro, Ìpínlẹ̀ Niger, ìròyìn sì sọ pé àwọn tó há sábẹ́ rẹ̀ lé ní 30. Ní ti agbẹ́kànga Agége, n kò tíì rí olùbẹ̀wò kan tó wá bi í léèrè bóyá okùn wà ní abíyá rẹ̀.

Bàbá fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó sì ní kí ọmọ náà tú okùn lára ẹ̀rọ. A yá ẹ̀rọ ìfami oníná, irú èyí tí wọ́n máa ń rì sínú omi, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣe bọ́háólù ní òpópónà kejì. Onílé wa ló san owó rẹ̀, kò sì jiyàn. A gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu géètì, jìnnà sí kànga àti sí fèrèsé gbogbo, ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú sí títì. Lẹ́yìn tí omi fà tán, a pa iná, a fa ẹ̀rọ náà jáde pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan ìdí kànga, a wá fi fáànù àwọn alágbẹ̀dẹ àti ọ̀rá gígùn kan fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù wọlẹ̀ fún wákàtí kan. Wọ́n de okùn náà yí àyà ẹni tó fẹ́ wọlẹ̀ ká, ó sì gba abẹ́ abíyá rẹ̀ méjèèjì. A fi àdéhùn sí i pé bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí tí a pè é tí kò dáhùn, kí a fà á sókè.

Bàbá yíjú sí ọmọkùnrin tó kéré jù. Ó ní, "Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá dákẹ́ nísàlẹ̀, kí lo máa ṣe?"

"Màá fà á, Bàbá."

"O ò ní wọlẹ̀ lọ bá a?"

Ọmọ náà wo ẹnu kànga, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. "Mi ò ní wọlẹ̀."

Wọ́n sọ ọkùnrin náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹrẹ̀, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan.