Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúdú nílé ìyá mi

Ọdún kẹfà mi rèé ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbí kì í ṣe òtútù, torí wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tó kí n tó kúrò n'Íbàdàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mo ra ẹyọ mẹ́fà, mo gbé e sórí tábìlì, mo wọ iṣẹ́ alẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìgbà tí mo máa fi ráyè wò ó, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo kàn dúró tì í, mò ń wò ó. N kò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dé ipò yẹn rí nílé wa.

Kò lè débẹ̀ ni. Bí bàbá mi bá ti ọ̀nà Oǹdó bọ̀, odidi ìdì tútù ló máa ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n á gbé e kọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Bí ẹyọ kan bá ti pọ́n báyìí, ó ti ránṣẹ́ pe àwọn yòókù nìyẹn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan gbogbo wọn á ti pọ́n. Ta ló fẹ́ jẹ wọ́n tán? Ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í pín in: "Gbé eléyìí fún Ìyá Ìbejì. Gbé tibí fún àwọn ará ìsàlẹ̀, kí o sì kúnlẹ̀ kí wọn o." Ẹni tó bá wá kí wa kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Àwa ọmọ á fi ẹ̀pà jẹ ìyókù. Ti àgbagbà tilẹ̀ tún lárinrin: èyí tó pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n ń gún mọ́ ata, tí wọ́n ń fi epo pupa dín, tó ń di dòdò Ìkirè tí wọ́n ń sáré gbé bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ìlú kan ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù lókìkí.

Èyí tí mò ń rà ní Leeds, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀: Kòlóńbíà, Ecuador, Costa Rica. Ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn, Cavendish. Wọ́n á gé e ní tútù, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e nínú òtútù bí ìwọ̀n 13 Celsius kó má baà pọ́n lójú ọ̀nà. Bó bá gúnlẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ yàrá, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn ethylene sí i. Atẹ́gùn yìí kan náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ bàbá mi fi ń ránṣẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò fi eléyìí bú òyìnbó o. Àwọn oníṣòwò kan nílé ń fi carbide mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, NAFDAC sì ti kìlọ̀ kìlọ̀.

Ìyá àgbà òyìnbó kan ni aládùúgbò mi. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kọ̀ ọ́, Mọ́mì ni mò ń pè é. Òun ni mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ dúdú lọ fún, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó dúpẹ́, àmọ́ ojú tó fi dúpẹ́ jọ ti ẹni tí wọ́n gbé ilẹ̀ wá fún pé kó bá wọn dà á nù. Lọ́jọ́ kejì ló kan ilẹ̀kùn, tó fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́: bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe búrẹ́dì. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Níbí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi tọrẹ, àfi tó bá kọ́kọ́ di búrẹ́dì ná.

Ṣúgà wà nínú tirẹ̀, mo yọ ọ́. Ẹyọ mẹ́rin ni mò ń fi fọ́ọ̀kì tẹ̀; bó bá ṣe dúdú tó ló ṣe ń dùn tó, torí sítáàṣì inú rẹ̀ ti di ṣúgà. Mo ń rẹ dàbínù mẹ́jọ sínú omi gbígbóná, mo ń lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Ẹyin méjì, òróró ṣíbí ìjẹun márùn-ún, yúgọ́ọ̀tì ṣíbí mẹ́ta, iyọ̀ díẹ̀, fúláwà 250 gíráàmù tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀, àti baking soda ṣíbí tíì kan. Ìbátan káún tí à ń jù sínú ẹ̀wà ni baking soda yìí. Ìkan inú yúgọ́ọ̀tì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń bá a jà tí búrẹ́dì fi ń wú. Ẹ má ro ó pẹ́ o! Búrẹ́dì mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yẹn: ẹni tó bá ro ó bí ẹni ro àmàlà, rọ́bà ló máa jẹ. Ààrò á wà ní ìwọ̀n 180 Celsius, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Bí ẹ bá fi igi ìtayín gún àárín rẹ̀ tí nǹkan kan ò lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jinná.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi. Kíá ló pè: "Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ ò lọ déédéé ni? Kí ló dé tí o ò rówó ra ṣúgà?" Ẹ má bá a wí. Ẹni tó dàgbà sídìí búrẹ́dì Agége mọ̀ pé dídùn ni wọ́n fi ń mọ búrẹ́dì tó gbayì. Èmi tí mò ń ṣe nọ́ọ̀sì, tí mò ń gún àwọn alátọ̀gbẹ lábẹ́rẹ́ láràárọ̀, ojú mi ti là díẹ̀. Àwọn tó ń da oyin sí i tí wọ́n ní kò sí ṣúgà ńbẹ̀, ara wọn ni wọ́n ń tàn: NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, ka oyin mọ́ ṣúgà tí wọ́n ní kí àgbàlagbà má jẹ ju 30 gíráàmù lọ lójúmọ́.

Mo gbé ìlàjì fún Mọ́mì. Lọ́jọ́ kejì mo bá abọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, káàdì ìdúpẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ìyá Ìbejì ò kọ káàdì sí wa rí. Ohùn rẹ̀ la máa ń gbọ́ láti òdìkejì ògiri: "Ẹ ṣeun o, àwọn ọmọ ti jẹ ẹ́ o!" Mo tọ́jú káàdì Mọ́mì, àmọ́ àárò ohùn yẹn ló ń sọ mí.

Lóṣù Kejìlá tó kọjá mo lọ sílé, mo ní màá ṣe é fún ìyá mi. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Bódìjà, mo gbé e sórí fíríìjì, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi dúdú. Mo wá dàbínù lọ sí Sábó. Mo tiẹ̀ ti sẹ́ iyanrìn tí màá dà sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá, torí kò sí ààrò, iná ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Lọ́jọ́ kẹta, ẹyọ méjì ló kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti mú, ẹni tó wá ka mítà ti mú, ìyá mi fúnra rẹ̀ ti fi ta ọmọ-ọmọ Ìyá Ìbejì lọ́rẹ.

Mo ní, "Màámi, ṣebí mo ní kí ẹ jẹ́ kó dúdú?"

"Kó dúdú kẹ̀? Ṣé ẹ máa ń dúró kí oúnjẹ bàjẹ́ lọ́hùn-ún kí ẹ tó jẹ ẹ́ ni?"

Ó bó ọ̀kan, ó na ìkejì sí mi.