Òtútù Ló Pa Á, Wọ́n Ní

Ọjọ́ Ajé, oṣù Kejìlá

Láti àárọ̀ ni Màmá onílé ti ń bá àbúrò mi fa ọ̀rọ̀ sinimá alẹ́ àná. "Ìwọ ọmọ yìí, irú eré wo lo gbé wá fún wa? Kò sí ẹ̀rín, kò sí orin, òkú lórí òkú!" Àbúrò mi ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹ jókòó tì í títí ó fi parí." Màmá ní iná ni àwọn jókòó tì, pé nígbà tí iná bá wà, ta ló ń lọ sùn? Ní ti iná yìí, wọn ò purọ́. Ó pẹ́ tí a ti rí irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, kó dé kó má lọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Wind River ni wọ́n ń pe eré náà. Ọdún 2017 ló jáde, Taylor Sheridan ló kọ ọ́, òun náà ló sì darí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé, lórí ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀yà Shoshone àti Arapaho, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Yìnyín bo òkè, ó bo igbó, ó bo ọ̀nà. Jeremy Renner ni ọdẹ ìjọba tó ń pa àwọn ẹranko tó bá ń jẹ ẹran ọ̀sìn. Níbi tó ti ń tọpasẹ̀ ẹranko kan ló ti bá òkú ọ̀dọ́mọbìnrin kan pàdé nínú yìnyín, ẹsẹ̀ lásán, kò sí ilé kankan nítòsí. Elizabeth Olsen ni ọlọ́pàá FBI tí wọ́n rán wá. Òun nìkan ni wọ́n rán, aṣọ tó wọ̀ wá kò sì lè gba òtútù, àfi ìgbà tí wọ́n yá a ní aṣọ. Ìyá Ìbejì ní ọyẹ́ tiwa tó ń la èèyàn lẹ́tè yìí, ẹ̀gbọ́n ni tibẹ̀ jẹ́ fún un.

Bàbá Ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru yà wọlé kí wọ́n tó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́. Nígbà tí ọdẹ inú eré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ipa ẹsẹ̀ ọmọ náà, Bàbá Ọdẹ fa àpótí tí wọ́n jókòó lé síwájú, ó kù díẹ̀ kí orúnkún wọn kan tẹlifíṣọ̀n. "Dá a dúró níbẹ̀." Àbúrò mi dá a dúró. Wọ́n na ìka sí i: "Wo ibi tí iwájú ẹsẹ̀ ti jìn ju gìgísẹ̀ lọ. Ọmọ yìí ń sáré ni." Nígbà tí eré ń bá a lọ, ohun tí ọdẹ òyìnbó náà sọ fún ọlọ́pàá gan-an nìyẹn. Gbogbo wa hó yè! Bàbá Ọdẹ kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn tún fìlà wọn dé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bá eré náà wí ni aṣọ funfun tí ọdẹ ọ̀hún wọ̀. Wọ́n ní ọdẹ wo ló ń wọ funfun wọgbó? Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó sọ fúnra wọn pé, "Àṣé igbó gan-an ló funfun."

Ibi tí ariyanjiyan ti bẹ́ ni ọ̀rọ̀ dókítà tó yẹ òkú wò. Wọ́n ti fipá bá ọmọ náà lò pọ̀, wọ́n ti lù ú, ó sá jáde lóru láìwọ bàtà, ó sì sáré tó máìlì 6 nínú yìnyín. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń fà símú ló mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n pa á ni. Bí kò bá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, FBI ò ní rán àwọn òṣìṣẹ́ wọn kún ẹyọ obìnrin kan yẹn. Ìyá Ìbejì dìde: "Ẹ gbọ́, tí wọ́n bá lé mi bọ́ sódò, ṣé odò ló pa mí?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àbúrò mi, tó ń kàwé ní LAUTECH tó sì fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé, ní ọ̀rọ̀ òfin ibẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1978, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ilé-ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí kò láṣẹ láti dá ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ lẹ́jọ́ ọ̀daràn, ì báà jẹ́ orí ilẹ̀ wọn ló ti ṣẹ̀. Màmá onílé ní, "Ẹni tó wá ṣẹ̀ nílẹ̀ Ṣọ̀ún, kí Ṣọ̀ún má lè pè é?" Àbúrò mi ní Ṣọ̀ún náà ò kúkú lè ju èèyàn sẹ́wọ̀n lóde òní. Màmá ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́.

Ìwé dókítà yẹn ló dùn mí jù. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ibi wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń wa epo ni wọ́n, ojú ló ń ríran. Síbẹ̀ bébà ní òtútù ni.

Ìparí rẹ̀ tún dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ọdẹ náà gbé èyí tó ṣẹ́kù nínú wọn lọ sórí Gannett, òkè tó ga jù ní Wyoming, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní kó máa sáré. Kò lọ jìnnà tó fi ṣubú. Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. Bàbá Ọdẹ, ẹni tí mo rò pé wọ́n á kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ní ọdẹ tó bá mú ọ̀daràn, ọlọ́pàá ló ń fà á lé lọ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, ara mi fúyẹ́ díẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú eré náà gan-an nìyẹn. Ó ti ilẹ̀kùn òfin pa tán kó tó fi ẹ̀san lọ̀ wá, ta ni yóò kọ̀ ọ́?

Àwọn òǹwòran kan níbòmíràn ti ráhùn pé òyìnbó méjì ló ń ṣe akọni nínú ìtàn àwọn onílẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Bàbá ọmọ náà, tí Gil Birmingham ṣe, ló yẹ kí a túbọ̀ máa rí. Nígbà tí ọlọ́pàá obìnrin náà ń da ìbéèrè bò ó, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ìgbà tí ọdẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kanlẹ̀kùn, tí bàbá náà ṣí i, tó rí ẹni tó dúró níbẹ̀, ni ẹkún bá gbọ̀n ọ́n pẹ̀lúpẹ̀lù. Nígbà tó yá, ó kun ojú rẹ̀, ó jókòó síta, ó ní ojú òkú nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n kùn, ó ní òun kàn dá a ṣe ni, kò sí ẹni tó kù tí yóò kọ́ òun. Màmá onílé, tí wọn ò dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní, "Háà." Wọ́n ní tiwa, òbí kì í tilẹ̀ í dé ibi sàréè ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà wà tí yóò sọ bí a ó ti ṣe é fún un.

Kí ó tó parí pátápátá, wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé kò sẹ́ni tó mọ iye àwọn obìnrin onílẹ̀ tó ti sọnù. Ní 2020, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan kí àkọsílẹ̀ irú wọn lè máa péye. Orúkọ Savanna LaFontaine-Greywind, ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n pa ní North Dakota ní 2017, ni wọ́n fi sọ òfin náà. Ọdún kan náà tí eré yìí jáde.

Bàbá Ọdẹ ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí pé kí a tún gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn, nítorí àwọn pẹ́ kí àwọn tó dé. Màmá onílé ní kí a lọ gbé e fún wọn ní ilé wọn. Ìyá Ìbejì ti ń bá gbogbo oníbàárà rẹ̀ lọ́jà Jagun jiyàn lórí odò rẹ̀ yẹn, ó ní àwọn mẹ́ta ti gbà fún òun.