A kó àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ọ̀lù lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, tẹ́ ẹ bá ń kó ọmọ lọ sílé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré kiri gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an ni.

Àwọn ọmọ CM1 mi, ìyẹn ọdún karùn-ún nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, la kó lọ sílé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée Alexandre Sènou Adandé níbí, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Òkè ni wọ́n to nǹkan ìbí, ìgbé ayé àti ikú sí, aṣọ wà ńbẹ̀, ìlù wà ńbẹ̀, ìsàlẹ̀ wá ni àwọn agọ̀ wà. Tó o bá ní o máa wo gbogbo ẹ̀ tán, wàá kàn máa ti ọmọ síwájú ni, "ẹ yára, ẹ má fọwọ́ kàn án", tí wọ́n bá délé, bọ́ọ̀sì àti bisikíìtì nìkan ni wọ́n máa rántí.

Èmi ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀ síwájú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n mú pẹ́ńsù, kí wọ́n yà á. Àwọn kan kọ́kọ́ ń kùn, nígbà tó yá kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ojú obìnrin ni, ìlà wà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó wé gèlè, ejò wá lọ́ mọ́ gèlè yẹn, ó fẹnu há ẹyẹ kan. Ọ̀dà funfun ti ń ṣí lójú ẹ̀, ibi tó ti ṣí o máa rí pupa lábẹ́, torí wọ́n máa ń tún un kùn ni kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ọmọbìnrin kan pè mí, "Mádáàmù, kí ni wọ́n ń fi àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà létí ìsàlẹ̀ ẹ̀ yìí ṣe?" Mi ò tíì lanu tí ọmọ Kétu kan fi ní, "Ibẹ̀ ni wọ́n ń so aṣọ mọ́. Bàbá àgbà mi máa ń jó o." Ló bá dìde, ó gbé ìwé ẹ̀ lérí, ó ní orí ni wọ́n ń dé e sí bíi fìlà, kì í ṣe ojú, aṣọ ló ń bo ojú, inú aṣọ yẹn lẹni tó ń jó ti ń ríran, irin wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, bí ìlù bá ṣe wí lẹsẹ̀ náà ń wí. Ó sì jan ẹsẹ̀ tiẹ̀ mọ́lẹ̀! Bọ̀ọ̀dá tó ń mú wa kiri pàtẹ́wọ́ fún un, ó ní òótọ́ ló sọ, ó wá fi kún un pé ọkùnrin ló ń jó o tó ń múra bí obìnrin, láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí, pé Ẹ̀fẹ̀ ló ń jáde lóru tó ń fi orin bá ọ̀bàyéjẹ́ wí, ilẹ̀ á mọ́ kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó gba ojú agbo. Ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran.

Mo sọ fún wọn pé láti 2001 ni UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún gbogbo ayé, tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọmọ Gùn kan wá béèrè bóyá òyìnbó kó eléyìí náà lọ rí bíi ti Àgbómẹ̀. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan-an, mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé ohun tí àwọn sọ́jà Faransé kó láàfin Àgbómẹ̀ ní 1892, àti mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn tó padà wálé ní November 2021.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú igi wọ̀nyí, ikán ì bá ti jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn igi ò lè jó, kò sí orin, kò sí agbo, ọmọ tó ti rí i lójúde nìkan ló lè fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ìyókù fún ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó wọn lọ sí Kétu, kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ látinú ìtì igi, ká sì yà wo ẹnubodè Akaba Ìdẹ́nà. Ẹni tó bá mọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lọ́hùn-ún tó lè gba àwọn ọmọ láàyè kí wọ́n wá wòran, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ̀wé sí mi, Thursday ló rọ̀ wá lọ́rùn jù.