Ikú ẹni tí kò kú ló lé mi dé Abẹ́òkúta

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, kọ̀ǹpútà lórí itan mi, nígbà tí ọ̀gá wa ju ìròyìn kan sínú ẹgbẹ́ WhatsApp iléeṣẹ́ ìròyìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lagos: òṣèré àgbà kan ti kú. Iléeṣẹ́ mìíràn ló kọ́kọ́ gbé e. Ọ̀gá wa kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Kí la ń dúró dè?" N kò pe ẹnikẹ́ni. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ti kọ ọ́, mo ti fi fọ́tò sí i, ó ti jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan pe nọ́ńbà ọ́fíìsì, wọ́n sì na fóònù sí mi. Kò pariwo rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi tí ẹ pa lánàá ló jókòó síwájú mi yìí. Wọ́n ń mu ògì."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. A yí àkọlé padà, a sọ ọ́ di pé òṣèré tí wọ́n ní ó kú ti sọ̀rọ̀, àwọn tó ka ìyẹn sì pọ̀ ju àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Èmi náà fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí wọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé bí mo bá tún lo ọdún kan sí i níbẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á mọ́ mi lára.

N kò fi ìbínú lọ o. Oṣù méje ni mo fi palẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má dá àwọn tó ń ní kí ẹ ṣáà fò lóhùn. Mo san gbèsè tí mo jẹ, mo kó owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́jọ jọ, lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò sì tíì ní ìyàwó nígbà náà. N kò ní purọ́ fún ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta pé bí mo ṣe ṣe é ni kí òun náà ṣe é.

Abẹ́òkúta ni mo wá torí pé ibẹ̀ ni ilé ìyá mi. Owó yàrá kan tí mo ń san ní Lagos gba yàrá méjì àti pálọ̀ níbí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Ìtòkú, ń ta àdìrẹ nínú ọjà, ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n sì ti ń rẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ewé ẹ̀lú ló wà nínú gbogbo àdìrẹ tí ẹ ń rà. Àwọ̀ òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò báyìí, bí kọ́sítíìkì bá sì kan ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ó sùn, ẹ ó jí, yóò ṣì máa ta yín. Ṣùgbọ́n màmá ṣì ní ìkòkò ẹ̀lú kan tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aṣọ funfun tí wọ́n ti fi ìyẹ́ adìẹ kun ẹ̀kọ làfún sí lára, tó sì ti gbẹ, ni wọ́n rì sínú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ìṣẹ́jú mélòó ló máa lò. Wọ́n wò mí tòkè-tilẹ̀. "Ṣé aago ni mo fi ń rẹ aṣọ ni?" Nígbà tí wọ́n fà á jáde, àwọ̀ ewé ló ní, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń gbẹ. Àyà mi já. Mo ní, "Màmá, ó ti bàjẹ́!" Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sórí okùn. Etí aṣọ ni búlúù ti bẹ̀rẹ̀, ó ń rìn bọ̀ wá sí àárín, àwọ̀ ewé ń sá fún un, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró lójú mi kòrókòró. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yíjú sí mi. "Atẹ́gùn ò tíì kàn án, o ti ń ròyìn rẹ̀." Wọ́n tún rì í bọ inú ìkòkò. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n rì í lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fẹ́ fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń yí padà. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi, ó di inú ìkòkò. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ó di àdìrẹ nìyẹn."

Ẹ ó máa retí kí n sọ pé ọkàn mi balẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò fi ní fóònù. Irọ́ ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Lóru, mo ń gbọ́ ìró fóònù tí kò sí nínú yàrá. Mo lọ tọrọ fóònù lọ́wọ́ ọmọ alájọgbé wa, mo ní mo fẹ́ pe ẹnì kan. Ìròyìn ni mo lọ ń wò. Ó tó oṣù mẹ́rin kí àìsàn yẹn tó fi mí sílẹ̀. Ẹ ka oṣù wọ̀nyẹn mọ́ owó tí ẹ bá ń tọ́jú, torí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò lásìkò náà.

Kí wá ni mo ń jẹ? Aró ń mú díẹ̀ wá, àwọn àlejò tí mo ń mú rìn káàkiri ìlú ń mú díẹ̀ wá. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin Lagos sí Ìbàdàn ti ń gbé èrò, èèyàn lè wá láàárọ̀ Sátidé. Ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, ní Láderin, kò sí láàárín ìlú, nítorí náà mo ní awakọ̀ kan tó ń bá mi kó wọn. A óò gun Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830, a óò dé Ìtòkú, a óò lọ sí Aké. Ní Aké ni mo ti máa ń sọ fún wọn pé ìlú yìí ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti jáde, ní oṣù Kejìlá ọdún 1859: Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, iṣẹ́ Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ní Lagos, èmi máa ń kọ ìròyìn méjìlá kí n tó jẹun ọ̀sán. Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni Townsend. Òun náà ní ibi tó ń gbè sí, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì kú ní 1867 nígbà tí Ẹ̀gbá lé àwọn míṣọ́nnárì jáde, nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Èèyàn á ráyè béèrè bóyá bàbá oníbàbá ń mu ògì.

Lásìkò òjò, àlejò kì í wá. Ọdún àkọ́kọ́, oṣù méjì gbáko ni mi ò rí ẹyọ ẹnì kan mú rìn. Àbúrò mi ló yá mi lówó. Mo sọ ìyẹn kí ẹ má baà rò pé fàájì ni.

Mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé ìlú òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kì í ṣe ìlú oníkẹ̀kẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọdé tẹ̀ lé mi, wọ́n ń kígbe, "Bùrọ̀dá, ẹ gùn ún, ẹ má tì í!" Nígbà tí ẹsẹ̀ mi le díẹ̀, dáàmù Ọ̀yán ni mo kọ́kọ́ forí lé.

Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ ìròyìn nípa dáàmù yẹn. Bí òjò bá ti pọ̀, omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ níbẹ̀ á wọ odò Ògùn, á gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ìhà Lagos. Lọ́dọọdún ni mo ń kọ ọ́ pé jìnnìjìnnì ti bo àwọn èèyàn. Fọ́tò kan náà là ń lò, n kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá Ọ̀yán ni wọ́n ti yà á. N kò dé ibẹ̀ rí láyé mi.

Ṣéènì kẹ̀kẹ́ já lójú ọ̀nà. Mo tì í títí tí àgbẹ̀ kan tó fi ọ̀kadà kó ẹ̀gẹ́ fi bá mi wá okùn, ó sì fà mí dé iwájú. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé etí omi. Ó lọ salalu, ojú mi ò ká a. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, omi ẹ̀rọ Lagos àti ti Abẹ́òkúta sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Apẹja kan ní kí n má padà lóru. Ìyàwó rẹ̀ se ẹja èpìyà, a fi jẹ ẹ̀bà. Gbogbo alẹ́ ni ọkùnrin náà fi ń sọ fún mi bí òun ṣe ń mọ̀ pé wọ́n máa tó tú omi sílẹ̀, láti ara bí etí omi ṣe ń gun ilẹ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́. Ọdún márùn-ún, n kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sórí àga mi ní Lagos pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní Ọ̀yán ti ń tú omi, ṣé òótọ́ ni?" Mo ní kó fún mi ní wákàtí méjì, kí n lọ wò ó. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, a ti gbé e jáde. Àfikún ni mo ń wá."

Mo ní kò burú. Mo wọ bàtà òjò, mo gbé kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, wọn ò tíì ṣí ohunkóhun. Omi dúró jẹ́ẹ́, òjò ń pa á. Ọ̀rẹ́ mi apẹja wà lábẹ́ àtíbàbà, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó bi mí pé kí ló gbé mi wá nínú òjò. Mo ní mo wá wò ó ni. Ó sún àpótí kan sí mi kí n jókòó.