Ọdún tí mo yọ irin ọrùn gìtá mi

Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, mo máa ń gbé ìwé tí mo ń kọ òde sí jáde, kí n to oṣù lẹ́sẹẹsẹ fún yín: ibi tí a ti ṣeré, okùn tí mo pààrọ̀, owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Mo ṣí ìwé náà lálẹ́ àná. Ó wà níbẹ̀ pé a lọ òde mọ́kànlá láti oṣù kìíní títí dé ìparí oṣù kẹta. N kò rántí ọ̀kankan nínú wọn. Òru ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹrin ni ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, nígbà tí kọ̀ngọ́, igi tí wọ́n fi ń lu ìyá ìlù, bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Àyàn, onílù ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé kọ̀ngọ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Òjò ti pa wọ́n lórí ìlù rí, iná ti kú lójú agbo, wọn kò dákẹ́. Òde ìsìnkú ìyá àgbà kan ni, ní Mọ́níyà. Iṣẹ́ ti gbóná. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí mo ti máa ń ṣe, nítorí ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí mò ń ta, jìnnà sí ìyá ìlù. Ṣaworo ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó dákẹ́. Mo wolẹ̀, mo rí kọ̀ngọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò dá wọn lóhùn. Wọ́n ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò dìde.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ ní kí a san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ibẹ̀ ni owó òde ọjọ́ náà tán sí, ti gbogbo wa pátá, kò sì sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó béèrè ìpín tirẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni ohùn tó jáde lẹ́nu wọn. Ó wúwo, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ìyàwó wọn bú sẹ́kún. Bàbá ní, "Ẹ má sunkún mọ́. Ọsán ẹnu mi ló dẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò bá mi fà á." Ọsán ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ara ìlù tí a máa ń fún kí ohùn rẹ̀ lè gòkè. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, mo sì jáde lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé fún ìgbà díẹ̀.

Oṣù kẹfà ni wọ́n tó lè jókòó pẹ́. Mo máa ń lọ kí wọn ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé ìyá ìlù wá, kó gbé e kọ́ wọn léjìká òsì. Wọ́n wá na kọ̀ngọ́ sí mi.

"Ọwọ́ òsì mi kò ṣàìsàn," wọ́n ní. "Èmi á máa fún un, ìwọ máa lù ú."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù yẹn, n kò fọwọ́ kàn án rí. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn. Wọ́n ní kí n lu Àjọkẹ́. Oríkì mi nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi máa ń kí mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ríhásà. Dò, re, mí. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fún ọsán, orúkọ mi jáde. Ìyẹn rọrùn, ohùn mẹ́ta tó dúró lórí ìpele mẹ́ta ni. Wọ́n ní kí n lu "ìyá". Mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n mi orí.

"O yára gbé ọkàn kúrò," wọ́n ní. "Ohùn kejì kò tíì dé ibi tó ń lọ nígbà tí o fi í sílẹ̀."

Mo tún un lù. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé ọwọ́ òsì mi lé ọsán lórí ọwọ́ wọn. Nígbà tí kọ̀ngọ́ kan awọ lẹ́ẹ̀kejì, ọsán ṣì dẹ̀. Lẹ́yìn tí ìró ti dún ni ọwọ́ Bàbá wá ń fún un, díẹ̀díẹ̀, tí ohùn náà sì ń gòkè. Mo gbọ́ "ìyá" bí ọmọ ṣe ń pè é láti ẹnu ọ̀nà. Èdè wa ni. Bí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, kì í fò sókè, ṣe ni ó ń gùn. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu, n kò mọ̀ ọ́n títí mo fi di ẹni ọdún méjìdínlógójì lórí ìkúnlẹ̀.

Mo délé lọ́jọ́ náà, mo mú béèsì mi, mo wá "ìyá" lórí rẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí Leo Fender gbé gìtá béèsì rẹ̀ jáde ní Kalifọ́níà ní 1951, béèsì onígi ńlá tó ń dúró nàró bí ènìyàn ni ọ̀pọ̀ olórin ń lò. Ìyẹn kò ní irin lọ́rùn. Etí ni wọ́n fi ń wá ohùn. Fender to irin wẹ́wẹ́ dábùú ọrùn tirẹ̀, àwọn tí a ń pè ní fret, kí ìka lè bá ohùn gan-an ní ibi tó wà. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Precision, ìyẹn ìpéye. Oore ńlá ni irin wọ̀nyẹn ṣe fún wa. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí n lè ṣeré láti alẹ́ di ìdájí láìṣìnà, kí orin jùjú ní ilẹ̀ tó máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni wọ́n jẹ́: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ sórí ìpele kan tàbí òmíràn. Ohun tí Bàbá ń ṣe lọ́wọ́ òsì kò ní ìpele nínú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé n óò yọ irin.

N kò fẹ́ fi èyí tí mo fi ń jẹun dán an wò. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mushin ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin, mo rí tókúnbọ̀ kan tó ní ìrísí Jazz Bass, irú béèsì Fender mìíràn, tí kò ní orúkọ kankan lórí. Mo fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé orí bí káfíńtà ṣe ń wo pákó: ó tọ́. Mo ki í sí ańpù, mo yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀: wọ́n ń ha díẹ̀, kò ju ìdọ̀tí lọ. Ọmọkùnrin tó ń tà á jẹ́ olóòótọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, irin rẹ̀ ti jẹ o, kò ní pẹ́ tí yóò máa dún gbúràngbúràn." Ó ti jẹ lóòótọ́. Láti 220,000 náírà, ó já a sí 165,000 nítorí irin tó jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. N kò sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún un, ó sì ń dùn mí títí di òní pé n kò sọ.

Irin ogún ló wà lórí rẹ̀. Òru mẹ́rin ni mo fi yọ wọ́n, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n atúnrédíò-ṣe ní Mọ́kọ́lá tí ẹ ti mọ̀. Irin tó fi ń jó léèdì la fi ń gbóná fret kọ̀ọ̀kan kí àtè abẹ́ rẹ̀ lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni n óò fi píńsà tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ gbé e láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Bí a bá kánjú, igi á hó. Ọ̀kan hó, ìkeje, mo fi ìyẹ̀fun igi àti àtè dí i. Nígbà tó kan kí a dí àwọn ojú ihò tí irin fi sílẹ̀, mo ránṣẹ́ sí agbẹ́lù ní Ọ̀yọ́ pé kó bá mi kó ègé igi ọ̀mọ̀ rẹ́ńpẹ́ wá, nínú èyí tó gbẹ́ kù lára ìlù. A là á tẹ́ẹ́rẹ́, a fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, a fi pépà oníyanrìn kùn ún títí ó fi dọ́gba. Igi ọrùn gìtá náà dúdú, ọ̀mọ̀ mọ́ lára ju ú lọ, nítorí náà ìlà ogún hàn gedegbe. Igi ìlù ló wà níbi tí irin wà tẹ́lẹ̀.

Jaco Pastorius, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1987, ti yọ irin béèsì tirẹ̀ ṣáájú, epoxy tí wọ́n ń fi kun ọkọ̀ ojú omi ni ó fi bo ọrùn rẹ̀. Èmi náà fi epoxy bo tèmi. Ó gbẹ, ó ń dán bí omi.

Ìyókù kò gba àkókò púpọ̀, àyàfi hùn-ùn. Ẹni tó bá ti ṣeré lórí jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Pickup, ohun tó ń gba ìró okùn sínú ańpù, méjì ló wà lára irú béèsì yìí. Bí o bá ṣí méjèèjì dọ́gba, wọ́n á pa hùn-ùn ara wọn, ṣùgbọ́n bí o bá dín ọ̀kan kù, á padà dé. Mo fi fóìlì tí a ń lò nílé ìdáná tẹ́ inú ihò ara gìtá náà pátá. Léèdì kì í mú fóìlì, nítorí náà skúrúù ni mo fi de wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn. Hùn-ùn náà dín kù. Mo wá ra okùn tí ara rẹ̀ tẹ́jú, kó má baà ha igi. Okùn mẹ́rin yẹn wọ́n ju bí mo ti lérò lọ, mo yá owó lọ́wọ́ Màmá Ìbejì, mo sì ti san án tán, kí Ọlọ́run bá mi bùkún wọn.

Òde àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ ní oṣù kẹjọ kò dára. Lórí gìtá onírin, ẹ̀yìn irin ni ìka máa ń tẹ̀; lórí èyí, orí ìlà gan-an ni ìka gbọ́dọ̀ wà, bí ó bá yẹ̀ níwọ̀n èékánná, ohùn ti yà. Ó ń yà. Olùtẹ dùùrù wa bojú wò mí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn òde, ọ̀gá wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Òde èèyàn la gbé dání, má fi kọ́ṣẹ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo padà sí onírin mi fún òde, mo wá ń fi òru kọ́ èyí nílé. N óò ta okùn ìsàlẹ̀, èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, n óò jẹ́ kó máa dún, n óò wá máa wá àwọn ohùn yòókù lórí rẹ̀ láìwo ọrùn gìtá.

Ní oṣù kẹsàn-án, mo gbé e lọ sí Bẹẹrẹ pẹ̀lú ańpù kékeré. Mo ta "ìyá". Bàbá dijú. Mo tún un ta. Wọ́n fi ọwọ́ òsì wọn fún afẹ́fẹ́ bí ẹni fún ọsán, láti fi hàn mí bó ṣe yẹ kó lọ́ra tó. Mo ta á lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó kù díẹ̀," wọ́n ní.

Wọ́n kú ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹwàá, kí a tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn fídáù, àwọn àyàn láti Ìṣẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ kóra jọ sí iwájú ilé, ìlù tó wà níbẹ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ, mo sì ń retí láàárín gbogbo wọn kí ọ̀kan nínú wọn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti okùn. Okùn tó tẹ́jú kì í tètè gbó. James Jamerson, tó ta béèsì fún Motown, ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ní Detroit, kì í pààrọ̀ tirẹ̀ àfi bó bá já. Ohùn rẹ̀ á rọ̀, á sì dúdú bí ó bá ti ń pẹ́. Ohun tó wà lára béèsì mi láti oṣù keje ló ṣì wà níbẹ̀. Òógùn ìka oṣù kẹsàn-án wà lára wọn. N kò ní í pààrọ̀ wọn.

Ọ̀gá wa, ẹ ṣeun. Láti oṣù kẹrin, ẹ kò lọ òde kan kí ẹ má yọ ìpín Bàbá sọ́tọ̀, ẹ sì ń yọ ọ́ fún ìyàwó wọn títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Ẹ kì í fẹ́ kí a sọ ọ́. Mo sọ ọ́.

Ọyẹ́ ti dé. Ọrùn gìtá ti ń gbẹ, mo ti yí ọ̀pá irin inú rẹ̀ tó ń mú un tọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá fi ìka tọ ojú rẹ̀, mo ń mọ̀ ọ́n pé ìlà ọ̀mọ̀ méjì ti ń súnkì díẹ̀, ìkẹta àti ìkẹsàn-án. N óò dúró dé òjò kí n tó mọ̀ bóyá kí n ṣí wọn. Mo ti ta á lórí òde méjì ní oṣù yìí, orin mẹ́ta péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, orin tí ọ̀gá wa yàn. Kò yà. Olùtẹ dùùrù kò wò mí.

Ọmọ-ọmọ Bàbá ń wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Àìkú báyìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, pẹ̀lú gángan. Èmi kọ́ ni mo lè kọ́ ọ ní ìlù, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń ṣe ìyẹn. Àwa kàn ń ta, a sì ń lù, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. "Ìyá" la wà lórí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tirẹ̀ ń tètè gòkè, tèmi ń pẹ́ jù. A ti fi ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun sí i, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.