Wọn ò ṣẹ̀ mí o, mo kàn ń lọ ni

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi mí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, pé mò ń kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Baptist, ò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Ṣé pásítọ̀ ni àbí àwọn díákónì, ṣé ọ̀rọ̀ owó ni, ṣé wọn ò yọjú síbi ìsìnkú bàbá ẹ ni? Àfi bíi pé èèyàn ò lè kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kan láìjẹ́ pé inú ń bí i. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò ṣẹ̀ mí. Wọ́n yọjú síbi ìsìnkú bàbá mi, wọ́n kún inú bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú gbogbo bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, àwọn ìyá W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Baptist, wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n tún fi owó sínú àpòòwé fún màámi. Tó bá jẹ́ torí ọmọlúàbí nìkan lèèyàn ṣe ń yan ṣọ́ọ̀ṣì ni, Baptist ni wọn ì bá sin èmi náà sí.

Àmọ́ mò ń lọ. Áńgílíkà ni mò ń lọ, Síẹ́mẹ́ẹ̀sì bí àwọn àgbà ṣe ń pè é, òní Sọ́ńdè yìí ni mo sì kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì kọnfamésọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń múra èèyàn sílẹ̀ kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé e lórí, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di pé mo gbàgbé bó ṣe rí lára mi.

Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ló kún ibẹ̀. Èmi nìkan ni mo ní irùngbọ̀n. Tíṣà wa, ìyá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àmọ́ tí wọn ò tíì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, wò mí títí, wọ́n ní "Dádì, ẹ bọ́ síwájú níbí, ẹ̀yìn yẹn, àwọn aláriwo ló ń jókòó síbẹ̀." Ni wọ́n bá ṣí Katikísímù, ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìgbàgbọ́. Ìbéèrè kìíní, kí ni orúkọ rẹ? Ìyẹn ò le. Ìkejì, ta ló fún ọ ní orúkọ yìí? Àwọn ọmọ yẹn dáhùn pa pọ̀, pé bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì àwọn ni, nígbà tí wọ́n ṣe ìsàmì fáwọn. Ó kàn mí, mo dákẹ́. Torí èmi ò ní bàbá ìsàmì. Bàbá bàbá mi ló sọ mí lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ìyẹn ò sì kan ìrìbọmi rárá. Ìrìbọmi tèmi, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọnú ẹ̀, mo ti ń wọ ṣòkòtò gígùn lọ sílé ìwé nígbà yẹn. Abẹ́ ibi tí pásítọ̀ ti ń wàásù ni kòtò omi yẹn wà, wọ́n á ká pákó orí ẹ̀ kúrò, aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀ fún mi gùn jù mí lọ, ó ń léfòó lójú omi, mò ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí àwọn G.A., ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin wa, tó wà lórí ìjókòó iwájú má bàa rí itan mi. Pásítọ̀ bi mí bóyá mo gba Jésù, mo ní mo gbà, ló bá fi áńkáṣíìfù bò mí nímú ó rì mí pátá. Ìgbà tí mo jáde, omi ti dí mi létí, ìjọ ń kọrin mi ò gbọ́ nǹkan kan títí mo fi dé yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Kò sẹ́ni tó bá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́. Èmi ni mo jẹ́ ẹ.

Mo ní "Mà, àwa ò ní bàbá ìsàmì ní Baptist." Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá ní "Dádì, ẹ ṣáà dá a lóhùn bó ṣe wà nínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú bíṣọ́ọ̀bù, ẹ lè máa wá ṣàlàyé níbẹ̀." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín in.

Wọn ò ní tún mi rì ṣá. Mo ti bi fíkà, àlùfáà ìjọ tuntun yìí, mo rò pé wọ́n á ní kí n tún un ṣe, wọ́n ní ṣé omi ni, mo ní omi ni, wọ́n ní ṣé lórúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́ ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní ó ti parí, kí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé mi lórí ló kù. Inú mi dùn, àmọ́ inú dídùn yẹn ò jìnnà, torí ìyàwó mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ Áńgílíkà ni, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí i, ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un, bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé e lórí kó tó wọ yunifásítì. Nígbà tá a fẹ́ra wa tó bá mi wá sí Baptist, wọ́n ní tó bá fẹ́ jẹ́ ọmọ ìjọ gidi, àfi kó rìbọmi. Ó sì ṣe é. Ó ní láti tú irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ní Sátidé. Èmi ń ya fọ́tò níwájú, ìyá ẹ̀ tó wá láti Ìjẹ̀bú Òde jókòó lẹ́yìn, wọn ò sọ nǹkan kan. Baptist ò ka èyí tí ìyá yẹn ṣe fún ọmọ ẹ̀ sí, Áńgílíkà sì ka tèmi sí. Mi ò sọ pé èyí ló mú mi lọ o, mo kàn ń sọ ohun tí mo rí.

Àwọn èèyàn sì rò pé obìnrin ló ń fà mí lọ! Ọjọ́ tí mo sọ fún un, ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ lo ní kí n wá, mo wá. Ẹ rì mí sómi, mo dákẹ́. Ìgbà tí mo wá di akápò W.M.U. tán lo ń sọ pé ká padà. Ṣé ọmọ ayò ni mí ni?" Ó gba àkókò díẹ̀ kó tó bá mi sọ ọ́ lọ́rọ̀ tútù.

Ohun tí mo rí nìyí. Láti kékeré, láti inú Sunbeam, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké, dé R.A., ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin, wọ́n kọ́ wa pé àwa Onítẹ̀bọmi kì í ka àdúrà, inú ọkàn ló ti ń wá. Ó dáa. Àmọ́ lẹ́yìn tí bàbá mi kú, kò sí nǹkan kan nínú ọkàn mi tó fẹ́ jáde. Tó bá di ìpàdé àdúrà ní Wẹ́sídé, wọ́n á ní "Bùrọ̀dá, ẹ bá wa fi àdúrà bẹ̀rẹ̀," màá dìde, ẹnu mi á sì máa lọ fúnra ẹ̀: Bàbá a dúpẹ́ fún oorun tá a sùn, ọ̀pọ̀ ló sùn tí wọn ò jí, a dúpẹ́ fún lílọ àti bíbọ̀, kì í ṣe pé a mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ṣe pé a lágbára ju àwọn tó ti lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tí mo bá dákẹ́ láàárín, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lè bá mi parí ẹ̀ láìṣì í. Mo wá ń rò ó pé àdúrà àkọsílẹ̀ ni tiwa náà, wọn ò ṣáà tíì tẹ̀ ẹ́ síwèé ni.

Ariwo tún dé. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀ṣì wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà bíi tàwọn tó wà lórí òkè, ẹ gbóhùn sókè, ẹ pa ọ̀tá, ẹ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, sípíkà mẹ́rin nínú gbọ̀ngàn tí ò tóbi. Bàbá mi tó kọ tẹ́nọ̀ nínú kọ́áyà títí tí ohùn fi lọ ì bá má mọ̀ pé Baptist ni. Kí n má purọ́, àwọn Áńgílíkà náà ń ṣe é, ọ̀kan wà ládùúgbò wa tí ìṣọ́ òru wọn kì í jẹ́ ká sùn, mi ò dé ọ̀dọ̀ tiwọn.

Ìjẹ̀bú Òde ni mo ti rí i, níbi tá a lọ kí àwọn àna mi. Òjò ń rọ̀ lálẹ́ Sọ́ńdè yẹn, ìyá ìyàwó mi ní àwọn ń lọ sí ìsìn alẹ́, mo ní kí n bá wọn gbé agboorùn. Àwa tá a wà níbẹ̀ ò pọ̀. Wọ́n fún mi ní Ìwé Àdúrà kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, wọ́n fi ìka tọ́ka ibi tí wọ́n dé. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ lórí tìmùtìmù, èmi náà kúnlẹ̀, a sì jọ kà á, àdúrà ìjẹ́wọ́ yẹn tó ń sọ pé a ti ṣáko lọ bí àgùntàn. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn tó kà á kí wọ́n tó bí bàbá mi ti kà á, àwọn tó ń bọ̀ á kà á, yálà ọkàn mi wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbàdúrà kan parí láti ìgbà tá a ti sin òkú wa.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ ló dùn. Ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù yìí, mi ò tíì gbé e mì. Baptist ni mí débi egungun tó bá kan ìyẹn. Ní tiwa, ìjọ ló ń pe pásítọ̀, ìjọ ló ń dìbò, a ti ṣe ìpàdé ìjọ rí tó di alẹ́ torí ká ra jẹnẹrétọ̀ ńlá àbí kékeré méjì, ìyá arúgbó kan dìde ó já díákónì ní koro lórí rìsíìtì, kò sì sí ẹni tó lè ní kó jókòó. Ní ibi tuntun yìí, lẹ́tà ló máa wá láti ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé fíkà lọ, wọ́n á gbé òmíràn wá, ẹ̀yin á sì ra kéèkì ìkíni káàbọ̀. Mo bi wọ́dìn kan, ọ̀kan lára àwọn olóyè ìjọ, bóyá wọn kì í bi ìjọ léèrè, ó wò mí bíi pé mo fẹ́ dá ìjọba dúró.

Ara Olúwa náà ńkọ́. Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ láti ọmọdé, nínú ife kéékèèké yẹn tá a máa ń gbé káàkiri nínú páànù, mo jókòó lónìí nígbà tí gbogbo èèyàn tò lọ síwájú, torí bíṣọ́ọ̀bù ò tíì gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ọ̀gbẹ́ni tá a jọ wà lórí ìjókòó kan náà gba ẹsẹ̀ mi kọjá, ó ní "ẹ ẹ̀ dìde ni?" Mo ní mò ń bọ̀. Ó dùn mí, mi ò lè sọ pé kò dùn mí.

Ti ilé wá ló le jù. Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Bowen, míṣọ́nnárì Baptist láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, nígbà tó fi máa di 1855 ó ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọsibítù Baptist ti wà níbẹ̀ láti 1907, sẹminárì wọn tún ṣáájú ìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, Onítẹ̀bọmi lèèyàn kọ́kọ́ ń jẹ́ kó tó mọ̀ pé Kristẹni lòun. Màámi ò pariwo lórí fóònù o, ohùn wọn kàn lọ sílẹ̀. "Àjàní, ọsibítù Baptist ni mo bí ẹ sí. Ilé ìwé Baptist lo lọ. Baptist ló bá wa sin bàbá ẹ. Kí ló tún kù tí wọn ò ṣe?" Mo ní màámi, wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní "Mo gbọ́. Àmọ́ èyí tó wà nínú ìyàwó ẹ yẹn, kí wọ́n má wọ́n omi sí i lórí o. Ọmọ ọwọ́ mọ kí ni? Kí ló fẹ́ jẹ́wọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀, torí ìbéèrè tèmi náà nìyẹn. Mo lè kúnlẹ̀, mo lè ka Ìwé Àdúrà, mo lè fara da bíṣọ́ọ̀bù, àmọ́ tí mo bá ti ronú kan ọmọ ọwọ́ àti omi yẹn, ọmọ R.A. inú mi á dìde dúró.

Bọ̀ọ̀dá mi àgbà ni wọ́n fi mí lé lọ́wọ́, díákónì ni wọ́n. A jà á dáadáa lórí fóònù. Mo ní Bọ̀ọ̀dá, Mójọlá Agbebí tẹ́ ẹ máa ń fi yangàn yẹn, tó wà lára àwọn tó yapa kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó l'Ékòó ní 1888 tí wọ́n dá ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer sílẹ̀, tí wọ́n tún wá fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ nígbà tí gbogbo Baptist ilẹ̀ Yorùbá jọ jókòó pọ̀ ní 1914, ṣebí katikíìsì Síẹ́mẹ́ẹ̀sì ni bàbá ẹ̀? Ṣebí òun náà kúrò níbi tí wọ́n bí i sí? Bọ̀ọ̀dá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "Agbebí wá sí tiwa. Kò kúrò ní tiwa." Ẹ̀rín pa mí. Àwa méjèèjì ló rẹ́rìn-ín, a ò sì yanjú nǹkan kan.

Lónìí lẹ́yìn kíláàsì, fíkà pe èmi àti ìyàwó mi jókòó, wọ́n ní tá a bá bímọ tá a sì gbà láti ṣe ìsàmì, ká ti máa ronú nípa àwọn tó máa dúró fún un, tó bá jẹ́ ọkùnrin, bàbá ìsàmì méjì àti ìyá kan, tó bá jẹ́ obìnrin, ìyá méjì àti bàbá kan. Ká tó délé, ìyàwó mi ti kọ orúkọ àbúrò ẹ̀ obìnrin sílẹ̀ nínú fóònù. Mo ní a ò tíì gbà láti ṣe é ná. Ó ní òun ò sọ pé a ti gbà, orúkọ lásán lòun kọ. Ó ní kí èmi náà mú ẹnì kan wá láti ìdí ilé tèmi, ẹni tó ti rìbọmi tó sì lè bá ọmọ wí tó bá ṣe ohun tí ò dáa. Mo wo gbogbo ẹbí mi títí, Bọ̀ọ̀dá yìí náà ni. Màá pè wọ́n lọ́la tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n bá ti jẹun.